Ta Ló Ni Ohun Tí Òṣìṣẹ́ Rò?

Ẹni tó bá ti jókòó ti ìṣirò ìwádìí rí ní yunifásítì, ìbáà jẹ́ nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ìbáà jẹ́ nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, yóò ti pàdé ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ń pè ní "Student". T-test rẹ̀ ni à ń lò nígbà tí a bá wọn gígùn fáwẹ̀lì lẹ́nu èèyàn mẹ́wàá péré, tí a sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìyàtọ̀ tí a rí, àbí ó kàn ṣèèṣì bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo kọ́ ló máa ń rò pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ṣe é, nítorí orúkọ yẹn. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rárá. William Sealy Gosset lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé ọtí Guinness ní Dublin ni. Nígbà tí ó fẹ́ tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde nínú Biometrika ní 1908, àwọn ọ̀gá rẹ̀ gbà fún un, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, wọn ò fẹ́ rí orúkọ ilé-iṣẹ́, wọn ò sì fẹ́ kí ó mẹ́nu kan ọtí.

Òfin yẹn le. Ó gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó ni iṣẹ́, ìyẹn ò sì kéré. Síbẹ̀, bí mo bá gbé e yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí òfin, mo rí ohun kan tí mo lè gbóríyìn fún: ó sọ ohun tó fẹ́ fi pamọ́ ní gbangba, ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Ìmọ̀ náà jáde ní odindi. Wọn ò gé e lẹ́sẹ̀, wọn ò ní kí Gosset fi ohùn dídùn sọ ọ́. Àgbẹ̀, dókítà, onímọ̀ èdè, gbogbo wa là ń jẹ níbẹ̀ dòní. (Guinness tí wọ́n ti ń pọn n'Íkẹjà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 náà ò ṣàì jẹ níbẹ̀.)

Àwọn òfin tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí ò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ tí mo kọ́, tí wọ́n wà ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ékòó, ní London àti ní Toronto, a máa fi ìwé àdéhùn iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí mi kí n bá wọn kà á. Kì í ṣe pé mo jẹ́ lọ́yà. Wọ́n kàn mọ̀ pé gbólóhùn ni mo fi jẹun láti nǹkan bí ogójì ọdún. Mo sì ti ń kà wọ́n bí ẹni ń ka ìwé ìtàn àròsọ, mò ń wo ta ni olùwà, kí ni àbọ̀, ta ló ń ṣe kí ni fún ta ni. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀-ìṣe ṣáájú. Olùwádìí kan ní Yunifásítì Stanford buwọ́ lu ìwé pé òun gbà láti fi ẹ̀tọ́ sí ohun tí òun bá ṣàwárí fún yunifásítì. Lẹ́yìn náà, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo PCR ní kọ́ńpìnnì kan tó ń jẹ́ Cetus. Kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé, wọ́n gbé ìwé tiwọn náà síwájú ẹ̀. Ìwé ti Cetus ò sọ pé ó gbà láti fún wọn. Ó sọ pé yóò fún wọn, ó tún wá fi kún un pé ó ń fi fún wọn báyìí. Ọmọkùnrin náà buwọ́ lù ú, bí gbogbo wa ti máa ń buwọ́ lu ohun tí wọ́n bá gbé síwájú wa lẹ́nu ọ̀nà. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń wọn kòkòrò HIV nínú ẹ̀jẹ̀ ló ti inú iṣẹ́ náà jáde. Roche ra ẹ̀ka PCR ti Cetus, Stanford pè é lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì wò ó ní 2009 pé ẹni tó ní "mo gbà láti fún ọ" ṣèlérí ni, àmọ́ ẹni tó ní "mo fi fún ọ báyìí" ti fúnni. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà fi ẹsẹ̀ ìdájọ́ náà múlẹ̀ ní 2011, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbéèrè mìíràn ni àwọn adájọ́ ibẹ̀ gbájú mọ́, ìyẹn ni bóyá owó ìjọba tó wà nínú ìwádìí ti sọ ọ́ di ti yunifásítì láìsí ìwé kankan. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka ẹjọ́ yìí, mo rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí à ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún kejì ni. J. L. Austin ti kọ ọ́ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1962 pé ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tó jẹ́ pé bí a bá ti sọ ọ́, a ti ṣe é nìyẹn. Baba tó bá ní "màá fún ọ lọ́mọ mi" ṣì lè yí ọkàn padà. Baba tó bá dìde láàárín mọ̀lẹ́bí, tó ní "mo fi ọmọ mi fún ọ", ó ti parí. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Amẹ́ríkà ló ti yí ìwé tiwọn padà lẹ́yìn ẹjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ "báyìí" yẹn ló sì wà nínú gbogbo ìwé àdéhùn tí àwọn ọmọ fi ránṣẹ́ sí mi, àfi méjì.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ń fúnni. Ọmọ ti baba ń fi fúnni wà láyé, ó jókòó síbẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń fi fún ilé-iṣẹ́ báyìí ni ohun tí kò tíì rò. Èrò tó máa wá sọ́kàn ẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sí i, nínú bọ́ọ̀sì, ní ìdájí, o ti fi tọrẹ lọ́jọ́ tí o gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì. Gírámà Yorùbá ò kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, n kò lè purọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ ọ́ fún ìyá yín lédè Yorùbá kí ẹ wo ojú wọn.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló tẹ̀lé e. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yìí, tó wà ní ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó tí n kò ní dárúkọ, ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń dá àmì ohùn padà sórí Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ láìfàmì sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Ìwé ìròyìn, àtẹ̀jíṣẹ́, ohun tí wọ́n ń kọ sórí Facebook, gbogbo rẹ̀ lóhùn ti sọnù lára ẹ̀, kọ̀ǹpútà ò sì mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, kò mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀. Iṣẹ́ owó ni ilé-iṣẹ́ tó gbà á ń ṣe, wọ́n ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́. Alẹ́ ló fi ń ṣe tirẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tó fowó ara rẹ̀ rà, pẹ̀lú iná jẹnẹrétọ̀ tó fowó ara rẹ̀ tan. Nígbà tó parí, ó fẹ́ ṣe é ní ohun tí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ń pè ní open source, ìyẹn ni pé kó gbé kóòdù náà síta kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kó lò ó, kó tún un ṣe. Ó ṣe bí ọmọlúàbí, ó béèrè. Wọ́n ní kó dúró. Oṣù mẹ́sàn-án ló dúró. Lẹ́tà wá dé pé ilé-iṣẹ́ ló ni ín, nítorí ẹ̀rọ tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lè wá nílò àmì ohùn lọ́jọ́ iwájú.

Lè wá nílò. Wọn ò lò ó, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó.

Ìpínlẹ̀ California ní òfin tí wọ́n ṣe láti dènà irú èyí. Abala 2870 nínú òfin iṣẹ́ wọn sọ pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe ní àkókò tirẹ̀, láìlo ohun èlò tàbí àṣírí agbanisíṣẹ́, tirẹ̀ ni. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìlà tó tẹ̀lé e: àyàfi bí ó bá jẹ mọ́ iṣẹ́ agbanisíṣẹ́, tàbí ìwádìí tó hàn gbangba pé ó ń gbèrò láti ṣe. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ń ta bàtà nìkan, ààlà náà fojú hàn. Ilé-iṣẹ́ tó ń tàwé, tó ń ta ẹ̀fọ́, tó ń ṣe fíìmù, tó tún ń yá ìjọba ní kọ̀ǹpútà ńkọ́? Kí ni kò jẹ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀? Àyàfi yẹn ti tóbi ju òfin tó jáde lára ẹ̀ lọ. Níbí náà, òfin ẹ̀tọ́ oníwèé tí Nàìjíríà lò láti 1988 títí tuntun fi dé ka kóòdù kọ̀ǹpútà mọ́ ìwé, ó sì fi ẹ̀tọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, kódà bó jẹ́ òṣìṣẹ́, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ ò rí i pé ìdí nìyẹn tí ìwé àdéhùn fi ń sanra?

Ẹ rántí ìwọ̀fà. Samuel Johnson kọ nípa àṣà náà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀. Ẹni tó yáwó, tó fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sìn olówó títí gbèsè yóò fi san, kò sí ẹni tó fẹ́ kí ìyẹn padà wá. Àmọ́ iṣẹ́ olówó ní wákàtí tirẹ̀. Bí ìwọ̀fà bá ti ṣe é tán, oko ara rẹ̀ ló kàn, olówó kì í sì í bá a pín iṣu ibẹ̀. Ọmọ tí mo sọ nípa rẹ̀ yìí ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Owó oṣù ni wọ́n ń san fún un.

Ẹnìkan lè ní: Prọ́fẹ́sọ̀, ṣé kì í ṣe pé kó kọ pépà nípa rẹ̀ kó sì fi kóòdù sílẹ̀ fún wọn? Àwọn ilé-iṣẹ́ kan fara mọ́ ìyẹn, wọ́n á ní kí o tẹ ìwádìí jáde, kóòdù ni wọn ò ní fi sílẹ̀. Ìtàn ẹ̀kọ́ wa ti fi ohun tó ń tẹ̀yìn ẹ̀ wá hàn.

Ní 1993, ọkùnrin mẹ́rin láti ilé ìwádìí IBM tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Computational Linguistics lórí bí a ṣe lè fi ìṣirò túmọ̀ èdè: Peter Brown, Robert Mercer, àti ìbejì méjì tó ń jẹ́ Della Pietra (bẹ́ẹ̀ ni, Táyé àti Kẹ́hìndé). Àkọsílẹ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kánádà, tó wà lédè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, ni wọ́n fi kọ́ kọ̀ǹpútà. Inú àwa onímọ̀ èdè kan ò dùn, torí pé wọn ò lo gírámà kankan níbẹ̀, wọ́n kàn ń ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan bá òmíràn pàdé ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà lágbára, gbogbo ìṣirò rẹ̀ ló sì wà nínú pépà. Kóòdù ni kò sí. Lọ́dún yẹn kan náà, Brown àti Mercer fi IBM sílẹ̀ lọ sí Renaissance Technologies, ilé ìdókòwò tó ń fi ìṣirò rajà tó sì ń fi tajà, tí ẹnu wọn pa dé ju ti awo lọ. Àwọn ìbejì náà tẹ̀lé wọn níkẹyìn. Ọkàn mẹ́rin tó mọ̀ ọ́n ti wọ inú igbó tí ẹnikẹ́ni kì í bá jáde sọ̀rọ̀.

Ìṣirò wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè kà á, àmọ́ àwọn tó lè kà á kó sì ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ò pọ̀. Ẹ fojú inú wo ìyá olóúnjẹ tó sọ gbogbo èròjà ọbẹ̀ rẹ̀ fún yín, tó sì ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ọdún mẹ́fà kọjá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1999, Kevin Knight kó àwọn ọ̀dọ́ kan jọ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, wọ́n gbé pépà 1993 yẹn síwájú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo ẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. EGYPT ni wọ́n pe ohun tí wọ́n ṣe, GIZA sì ni ẹ̀yà ara rẹ̀ tó ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́. Franz Och, ọmọ Jámánì kan tó wà láàárín wọn, tún un ṣe di GIZA++, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ nígbà náà tí kò lò ó. Och lọ sí Google ní 2004, òun ló sì ṣáájú iṣẹ́ Google Translate fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Kejìlá 2013 ni Yorùbá wọ ibẹ̀, pẹ̀lú Haúsá àti Ígbò. Ìtumọ̀ tó kọ́kọ́ ń ṣe a máa pa mí lẹ́rìn-ín dójú ikùn, ṣùgbọ́n a wọlé.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ọmọ yẹn kọ pépà kó fi kóòdù sílẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé kí ẹlòmíràn tún fi ọdún mẹ́fà ṣe ohun tí ẹnìkan ti ṣe tán. Èdè Faransé lè fara da ọdún mẹ́fà. Lórí àmì ohùn Yorùbá, iṣẹ́ tí Iroro Orife gbé síta ní 2018 ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa kọ́lé lé lórí, torí pé ó ṣí i sílẹ̀. Bí ó bá wà nínú dúrọ́ọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ni, ilé wo ni wọn ì bá kọ́?

Orúkọ tún padà sínú ọ̀rọ̀ yìí ní 2020. Timnit Gebru àti Margaret Mitchell ni wọ́n jọ ń ṣáájú àwọn tó ń yẹ ìwà ọmọlúàbí inú ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n wò ní Google. Àwọn àti Emily Bender, onímọ̀ èdè bíi tiwa ní Yunifásítì Washington, pẹ̀lú àwọn mìíràn, kọ pépà kan tó ń béèrè bóyá àwọn ẹ̀rọ èdè ò ti máa tóbi jù. Wọ́n fi ẹ̀rọ náà wé ẹyẹ tó ń sọ ohun tí kò yé e. Ẹyẹ yẹn ni àwa ń pè ní ayékòótọ́, ẹ ò sì nílò kí n tú orúkọ náà palẹ̀ fún yín. Google ní kí wọ́n yọ pépà náà kúrò tàbí kí àwọn òṣìṣẹ́ Google yọ orúkọ wọn. Àlàyé tí Jeff Dean ṣe ni pé ọjọ́ kan péré ló ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n mú un wá fún àyẹ̀wò, dípò ọ̀sẹ̀ méjì, àti pé kò kún ojú ìwọ̀n wọn. Gebru ní wọ́n lé òun; Google ní ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn sì gbà á. Ní oṣù Kejì 2021, wọ́n lé Mitchell náà, wọ́n ní ó kó fáìlì jáde.

Pépà náà jáde ní oṣù Kẹta 2021. Ẹni tó bá ka orúkọ àwọn tó kọ ọ́ yóò rí "Shmargaret Shmitchell" níbẹ̀. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín kọjá. Inú èdè Yiddish ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí àpètúnpè yìí: wọ́n á pe ọ̀rọ̀, wọ́n á tún un pè, wọ́n á fi shm- síwájú ẹ̀, láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa ń fi "kí" ṣe irú ẹ̀: ìwà, ìwàkíwà, ọmọ, ọmọkọ́mọ. Orúkọkórúkọ ni ó kọ sílẹ̀. Guinness gba orúkọ Gosset, ó sì fi orúkọ tó níyì rọ́pò rẹ̀. Èyí mú orúkọ ara rẹ̀ tí wọ́n ní kó yọ, ó sì fi mọfíìmù kan ṣoṣo kọ ẹjọ́ rẹ̀ sára ẹ̀. Nínú gbogbo àríwísí tí mo ti kà sí irú òfin báyìí, n kò tíì rí èyí tó kúrú tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó burú jù fún mi kì í ṣe ti orúkọ. Nínú oṣù Kejìlá 2020 yẹn, Reuters ròyìn pé Google ti fi àyẹ̀wò àfikún lélẹ̀ fún àwọn pépà tó bá kan ọ̀rọ̀ ẹlẹgẹ́, àti pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ní kí àwọn tó kọ pépà má fi ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ hàn ní ohun tí kò dára. Wọ́n ní kí ẹnìkan ṣọ́ra kó fi ohùn tó dára kọ ọ́. Ohùn! Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Yorùbá. Èdè tí àmì kékeré kan fi ń sọ ọkọ di ọkọ́, kò sí bí o ṣe máa yí ohùn ọ̀rọ̀ padà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ò ní yí padà. Àyẹ̀wò tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ń ṣe ń béèrè bóyá òótọ́ ni. Àyẹ̀wò yìí ń béèrè bóyá ó dùn. Wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ kan náà, ìyẹn ni wọ́n fi ń rí i gbé kọjá.

N kò sọ pé kí ilé-iṣẹ́ má ní ilẹ̀kùn o. Dátà àwọn oníbàárà kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ láti gbé síta. Ẹni tó bá tẹ ohun tuntun jáde kó tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ lè pàdánù ẹ̀tọ́ náà, ìyẹn yé mi. Google kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Kọ́lá Túbọ̀sún, tẹ àkójọ ohùn Yorùbá jáde ní 2020 yẹn kan náà: wákàtí mẹ́rin ó lé lẹ́nu èèyàn 36, pẹ̀lú àmì ohùn pípé, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á. Mo lo ó, ó dára. GitHub náà gbé ìwé àdéhùn kan síta ní 2017 tó fi àkókò òṣìṣẹ́ sílẹ̀ fún un, ilé-iṣẹ́ yòówù ló sì lè mú un lò. Ó ṣeé ṣe, wọ́n ti ṣe é.

Ibi tí mo ti ń fura ni pé ilẹ̀kùn yìí ń tẹ̀lé ọjà. Nígbà tí wọ́n ń wá ọmọ tó mọ̀wé, tí àwọn ọmọ náà sì fẹ́ kí orúkọ wọn hàn, wọ́n ṣí i gbayawu. Pépà transformer jáde láti Google ní 2017 pẹ̀lú orúkọ èèyàn mẹ́jọ lórí rẹ̀. Nígbà tí OpenAI mú ìròyìn GPT-4 jáde ní oṣù Kẹta 2023, kò sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe tóbi tó, kò sọ irú dátà tí ó fi kọ́ ọ. Ìdíje àti ààbò ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó fà á. Ó kéré tán, wọ́n sọ ọ́.

Ọmọ tó ṣe ètò àmì ohùn yẹn ń fi ibi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìparí oṣù yìí. Kóòdù ò ní bá a lọ. Ìwé àdéhùn ibi tuntun ti wà lórí tábìlì mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì ní kó béèrè fún àtúnṣe mẹ́ta: kí wọ́n yọ "báyìí" kúrò lẹ́yìn "mo fi fún", kó kọ gbogbo ohun tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà kí wọ́n buwọ́ lù ú, àti pé bó bá béèrè láti gbé nǹkan síta, tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá tí wọn ò fèsì, kí ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbà. Wọ́n gba èkejì. Wọ́n kọ èkínní. Lórí ẹ̀kẹta, lọ́yà wọn ní òun ṣì ń rò ó.